Maikirosikóòpù Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọdé

Kókó ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ lálẹ́ òní dá lórí ẹ̀rọ kan tí ó tóbi, tí ó wọ́n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ní fojú kàn títí ayé wọn. Ẹ̀rọ náà ni maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní sísọ ni pé iṣẹ́ tí a fi í ṣe lórí jẹjẹrẹ kan tí í mú àwọn ọmọdé ti yí ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo àgbáyé padà; bẹ́ẹ̀ sì ni, ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti mú ẹran ara tí a fi ṣe iṣẹ́ náà lọ.

Ẹni tí ó bá gba Ìfàkì kọjá sí Ọ̀yẹ́, tí ó sì tẹ̀ síwájú dé Ìkọ̀lé, yóò rí i pé ilẹ̀ olójò ni àríwá Èkìtì. Igbó wà níbẹ̀, òkè wà níbẹ̀, oko iṣu àti oko kòkó wà níbẹ̀, ẹ̀fọn kò sì gbẹ́yìn. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ní Ìdó-Èkìtì ni Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, níbi tí a ti ń tọ́jú aláìsàn, tí a sì ń kọ́ àwọn tí yóò di oníṣègùn lọ́la. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́gbọ́n yóò kọ́kọ́ bi ni pé: kí ni ó kan Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó nínú ẹ̀rọ tí a kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́.

Maikirosikóòpù tí ó wà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Dígí rẹ̀ ni í sọ ohun kékeré di ńlá, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ribiribi ni awò yìí ti ṣe. Òun ni a fi ń rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Òun náà ni oníṣègùn fi ń mọ̀ bóyá kókó kan jẹ́ jẹjẹrẹ tàbí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ibi tí ó pin sí. Bí a bá pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 5,000, ohun méjì tí àlàfo àárín wọn kò bá tó ìdá kan nínú rẹ̀ yóò dà pọ̀ di ọ̀kan lójú awò náà, bí ó ti wù kí dígí rẹ̀ dára tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ a máa rìn bí ìgbì omi, ìgbì náà sì fẹ̀ ju ohun tí a fẹ́ wò lọ. Nínú òkùnkùn biribiri, ẹni tí ó bá fi ọmọ odó kan ojú ènìyàn lè mọ̀ pé orí ènìyàn ni, ṣùgbọ́n kò lè fi ọmọ odó ka àbàjà tí ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ onítọ̀hún. Orí ìka ọwọ́ ni yóò fi kà á. Bí ọmọ odó ti rí sí àbàjà ni ìmọ́lẹ̀ rí sí àwọn ohun tí ó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn.

Ní ọdún 1931, ní ìlú Berlin, Ernst Ruska àti Max Knoll ṣe àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Dípò ìmọ́lẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n lò, èyíinì ni egunrín iná mànàmáná tí ó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, tí ìgbì tirẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Dípò dígí, òòfà tí a fi iná mànàmáná ṣe ni ó ń kó àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà jọ sójú kan. A fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde pátápátá, nítorí pé afẹ́fẹ́ yóò tú wọn ká. Àwòrán tí ó bá jáde kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó kéré ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà lọ kò lè sá pamọ́ fún un. Ní ọdún 1986 ni a fún Ruska ní ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí, ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn tí ó ṣe é.

Ẹran ara tí yóò bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ yìí ní láti la ìlànà púpọ̀ kọjá. A ó kọ́kọ́ rì í sínú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ó jẹrà. A ó fi ọtí líle fa omi ara rẹ̀ gbẹ. A ó rì í sínú oje kan tí í le koko bí ike. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọ̀bẹ onígíláàsì tàbí ti dáyámọ́ńdì ré e sí pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ tí a óò tò léra kí wọ́n tó nípọn tó ojú ewé ìwé kan. A ó fi iyọ̀ òjé àti ti yùréníọ́ọ̀mù pa á láró kí àwòrán rẹ̀ lè hàn. Gbogbo làálàá yìí fi òtítọ́ kan hàn: ẹ̀rọ náà kò lè rí ju ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ lọ. Bí ẹran ara bá ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbàjẹ́ náà ni yóò sọ di ńlá.

Ní ọdún 1957, ní Ilé-ìwòsàn Mulago ní Kampala, olú-ìlú Uganda, a pe dókítà oníṣẹ́-abẹ kan, Denis Burkitt, kí ó wá wo ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lókè àti nísàlẹ̀, eyín rẹ̀ sì ti ń mì. Burkitt kò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó lọ sí ilé-ìwòsàn mìíràn ní Jinja, ó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé, ó sì rí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ wú bí ti ọmọkùnrin ọjọ́sí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá kókó nínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ojú kan ṣoṣo ni Burkitt fi ń ríran, nítorí pé ó ti pàdánù èkejì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ojú kan yìí ni ó rí i pé kì í ṣe àìsàn méjì, ọ̀kan náà ni. Ní ọdún 1958 ni ó kọ ohun tí ó rí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́-abẹ ní Ìlú Ọba.

Burkitt kò dúró níbẹ̀. Ó fi àwòrán àwọn ọmọ tí àrùn náà mú ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwòsàn káàkiri, ó ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá ti rí irú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, òun àti dókítà méjì mìíràn wọ ọkọ̀ àlòkù kan, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rin nǹkan bí ẹgbàárùn-ún máìlì láti Uganda títí dé gúúsù Áfíríkà, wọ́n ń yà sí ilé-ìwòsàn kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n rí i pé àrùn náà kì í sí lórí àwọn òkè gíga tí òtútù ti ń mú, kì í sì í pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ibi tí ooru wà, tí òjò ń rọ̀ dáadáa, tí ibà ẹ̀fọn kì í sì í dáwọ́ dúró láti ọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni ó fi ṣe ibùgbé. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ìṣáájú: ààrin gbùngbùn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àríwá Èkìtì bọ́ sí.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà kò sùn. Ní ọdún 1960, ẹ̀ka tí ń yẹ ẹran ara wò ní Ilé-ìwòsàn Ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń mú. Àkọsílẹ̀ yìí fi hàn ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn pé àrùn tí Burkitt ṣàpèjúwe yìí gan-an ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí í mú ọmọdé ní Ìbàdàn. Kí akọ̀wé tó lè kọ irú èyí sílẹ̀, ẹnì kan ní láti gbé ọmọ wá, ẹnì kan ní láti gé díẹ̀ lára kókó náà, ẹnì kan sì ní láti fi maikirosikóòpù onímọ́lẹ̀ wò ó.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1961, Burkitt sọ̀rọ̀ ní Ilé-ìwòsàn Middlesex tí ó wà ní London nígbà náà. Lára àwọn tí ó jókòó gbọ́ ọ ni Anthony Epstein, onímọ̀ kan tí ó ti ń fi maikirosikóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wo fáírọ́ọ̀sì tí í fa jẹjẹrẹ lára adìẹ. Bí Epstein ti gbọ́ pé ojú ọjọ́ àti òjò ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ kan tí í mú ọmọ ènìyàn, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ohun abẹ̀mí kan wà nídìí rẹ̀. Ó lọ sí Uganda, ó sì ṣètò kí a máa fi ọkọ̀ òfuurufú kó díẹ̀díẹ̀ lára kókó àwọn ọmọ náà wá sí London. Ó lé ní ọdún méjì tí ó fi ń fi ẹ̀rọ ńlá yìí wo ẹran ara tí a ń kó wá. Kò rí nǹkan kan. Àgbà ẹ̀rọ ni, síbẹ̀ ó ń wo ohun tí ó ń wá, kò rí i.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, ẹran ara kan ń bọ̀ láti Uganda. Kùrukùru bo London, ọkọ̀ òfuurufú kò lè balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Manchester. Nígbà tí ìgò náà yóò fi dé ọwọ́ Epstein, ilẹ̀ ti ń ṣú, omi inú rẹ̀ sì ti dàrú bí omi ògì. Ẹnikẹ́ni ni ìbá rò pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́, pé ó ti bàjẹ́, kí ó sì dà á nù. Kí Epstein tó dà á nù, ó mú ẹ̀kán omi náà kan, ó fi í sábẹ́ maikirosikóòpù onímọ́lẹ̀ lásán. Ohun tí ó rí kì í ṣe ìbàjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà fúnra wọn ni, tí ìrìn-àjò ti gbọ̀n kúrò lára ẹran, tí wọ́n ń léfòó láàyè. Láti ara ohun tí ó rí yìí ni ó ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà máa sin sẹ́ẹ̀lì náà nínú ìgò. Yvonne Barr ni ó jùmọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ lórí sísin sẹ́ẹ̀lì. Bert Achong, ọmọ ilẹ̀ Trinidad, ni ó jùmọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 1964, Epstein gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sìn yìí sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá náà. Lójú ẹsẹ̀ ni ó rí sẹ́ẹ̀lì kan tí fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè jó ohun tí ó rí náà dànù, ó pa ẹ̀rọ, ó jáde sínú yìnyín láìwọ kóòtù, ó rìn yíká àdúgbò títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, kí ó tó padà wá wò ó. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún náà ni ìwé ìròyìn ìṣègùn *The Lancet* gbé ìròyìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Orúkọ Epstein àti ti Barr ni fáírọ́ọ̀sì náà ń jẹ́ di òní. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a rí tí ó ní ọwọ́ nínú jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti ṣẹ, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Awò kékeré kò lè rí fáírọ́ọ̀sì, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì náà kéré ju ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè dé lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí awò kékeré, ohun tí awò ńlá yóò rí ìbá ti ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Kò yẹ kí a purọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé rírí fáírọ́ọ̀sì ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tí a bá nínú ilé tí a jà lólè kò fi bẹ́ẹ̀ di olè. Ìwádìí mìíràn fi hàn lẹ́yìn náà pé fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àgbàlagbà gbogbo ayé, tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ní ọdún 1970, Harald zur Hausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kókó ọmọ, láìjẹ́ pé odindi fáírọ́ọ̀sì hàn síta. Ìdí nìyí tí Epstein fi wo ẹran ara fún ọdún méjì tí kò rí i. Ní tòótọ́, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Òye tí ó wà lónìí ni pé fáírọ́ọ̀sì náà nìkan kò tó. Ibà tí ń mú ọmọdé lemọ́lemọ́ a máa da sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun láàmú. Nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì kan lè kúrò ní ipò rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì máa bí sí i láìdúró. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fi fáírọ́ọ̀sì Epstein àti Barr sínú àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ.

Ìròyìn ayọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ Burkitt wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí oògùn lásán, láìlo abẹ, ti ṣẹ́gun. Victor Anomah Ngu, ọmọ Cameroon tí ó ṣe iṣẹ́-abẹ tí ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó fi oògùn wo àwọn ọmọ náà sàn. Ní ọdún 1972, òun, Burkitt àti àwọn mìíràn gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tí a bá tètè gbé wá lè bọ́ nínú àrùn yìí pátápátá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “tètè” yìí ni ó gbé gbogbo ìṣòro dání. Nínú gbogbo kókó tí í mú ènìyàn, bóyá ni a rí èyí tí í yára dàgbà tó o. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìyá tí ó bá sọ ní Ìtàpàjì tàbí ní Ayédé pé kí òun kọ́kọ́ ná ọjà ọrún yìí, kí òun wá gbé ọmọ lọ ní ọjà tí ń bọ̀, ohun tí ó jẹ́ ẹyọ kan lè ti di mẹ́rin kí ọjà náà tó tún pé. Nígbà mìíràn, eyín ni a ó rò pé ó ń dun ọmọ. A ó yọ eyín, wíwú kò ní rọ̀. Nígbà mìíràn, a ó sín in ní gbẹ́rẹ́, a ó fún un ní àgbo, ọjọ́ yóò sì máa yí lu ọjọ́. Kì í ṣe pé òbí kò fẹ́ràn ọmọ. Owó ọkọ̀, owó oògùn àti àìmọ̀ ni ó so wọ́n lọ́wọ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ti kan olùkọ́. Ẹni tí ń rí ojú ọmọ ogójì láràárọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ni olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kan bá wú tí kò rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí eyín rẹ̀ bá ń mì nígbà tí kò tó àkókò láti pààrọ̀ eyín, bí ojú rẹ̀ kan bá ń yọ síta, tàbí bí ikùn rẹ̀ bá ń tóbi, kì í ṣe olùkọ́ ni yóò sọ pé jẹjẹrẹ ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó pe òbí ọmọ náà lọ́jọ́ náà, kí ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.

Iṣẹ́ kan àwọn tí ó wà ní ilé-ìwòsàn kékeré pẹ̀lú. Ẹran ara tí a bá gé lára kókó kò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì. Inú fọ́máàlìn tí ó tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ó wọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, kí a sì fi ránṣẹ́ síbi tí oníṣègùn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó nílò ẹ̀rọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é. Maikirosikóòpù onímọ́lẹ̀, pẹ̀lú àwọn aró ìgbàlódé, ni a fi ń dá àrùn yìí mọ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, àìsí ẹ̀rọ olówó ńlá nítòsí kò yẹ kí ó di àwáwí fún ẹnikẹ́ni.

Epstein kú ní ọdún 2024, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Iṣẹ́ tí òun, Barr àti Achong ṣe ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ pé fáírọ́ọ̀sì lè fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Zur Hausen tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí í fa jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní oṣù kẹwàá ọdún 2023.

Bí a bá tọ ìtàn yìí padà sí orísun rẹ̀, ìyá kan ni a ó bá níbẹ̀, tí ó rí i pé ojú ọmọ òun kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀, tí ó pọ̀n ọ́n, tí ó sì gbọ̀nà ilé-ìwòsàn. Ojú ìyá náà ni ó ṣáájú ojú Burkitt, ojú Burkitt ni ó sì ṣáájú ojú ẹ̀rọ. Bí ojú àkọ́kọ́ bá fọ́, tàbí bí ó bá rí i tí ó dákẹ́, kò sí ohun tí ojú ìkẹyìn yóò rí.